Ìyẹ̀fun Tó Bá Ìyá Nùrá Lọ sí Faransé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ti fi ojú rí nánò, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ojú ta ni. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìdí iṣẹ́ náà ni mo ti hu ewú, mi ò sì fi ojú ara mi rí i rí. Ẹ̀rọ ló ń bá wa rí i. Ẹ̀rọ á ní báyìí-báyìí ló rí, àwa náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura sí ẹ̀rọ, tí mo sì ń fura sí ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún mi lórúkọ lẹ́yìn mi, wọ́n ń pè mí ní Madaamu Ṣó-dá-ọ-lójú. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Akpakpa ní Kútọnu ni ilé mi wà, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi láti èbúté bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ire. Bí kò bá jẹ́ ọmọ àbúrò mi ló wá, á jẹ́ ọmọ aládùúgbò: "Tantí, mo fẹ́ lọ ka másítà nínú nánò. Kí lẹ rí sí i?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu sì ti ń ro mí. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kà á fúnra rẹ̀.

Ẹ fa fọ́nrán irun kan tu lórí yín, kí ẹ là á sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ló tó ohun tí à ń bá ṣiṣẹ́. Nǹkan tó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń pa ìwà dà. Wúrà á di pupa. Fàdákà á máa pa kòkòrò inú omi. Sínkì tí ẹ mọ̀ mọ́ páànù á di ìyẹ̀fun funfun tí kì í jẹ́ kí àgbàdo bu nínú àká. Iṣẹ́ tó dára ni, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tójú ò rí ni, àwọn onírọ́ sì fẹ́ràn ibi tójú ò bá tó.

Ọmọ Pobè ni mí, Nàgó pọ́ńbélé. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ láti Pobè sí Kútọnu, òun ló sì gbé mi wá ka kẹ́mísírì. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ó tó jẹ, kò tó fi ṣe fáàrí.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe dókítà mi jẹ́ Agudà, lára àwọn tí baba ńlá wọn ti Brasil padà dé. Kátólíìkì ni, kì í pa máàsì jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé. Odidi ọdún àkọ́kọ́ mi, ìgò ni mò ń fọ̀. Mo ti ní dígírì tán o, mo ti ní ọkọ, mo sì ti lóyún, ìgò ni mò ń fọ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá á gbé e sókè sí fèrèsé, á yí i lọ, á yí i bọ̀.

"Ó mọ́," ni n ó wí.

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́, ìwọ náà lo tún fẹ́ jẹ́rìí sí i? Tún un fọ̀."

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní líísì, ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ní rárá. Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí Agudà yẹn rí ẹ̀yìn mi.

Ọjọ́ kan ló pe èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Fírímẹ́ẹ̀nì, ó fún kálukú wa ní ìgò kan, ó ní ká lọ wá bí ìyẹ̀fun tó wà nínú omi náà ti kúnná tó. Àpótí dúdú ni irin iṣẹ́ wa nígbà yẹn. A ó gbé ìgò sínú rẹ̀, a ó tan iná gba ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìyẹ̀fun bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á la ọ̀nà gba inú omi kọjá bí ìtànṣán oòrùn ṣe ń là nínú eruku. Mo tàn án títí, mi ò rí ọ̀nà kankan. Fírímẹ́ẹ̀nì ti kọ tirẹ̀ wá, ó ní òun rí i, ó tiẹ̀ fi nọ́ńbà sí i. Mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí nǹkan kan."

Ó ní, "Omi lásán ni. Lọ jẹun."

Wọn ò rí Fírímẹ́ẹ̀nì ní làbó wa mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó lọ di àjẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, ó sì lówó jù mí lọ lónìí. Ẹ má ṣe ní mi ò sọ fún yín.

Ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ni mo sọ di àṣà. Ìgbàkigbà tí mo bá ń fi ìgò ránṣẹ́ síbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa ń fi ọ̀kan tó jẹ́ ẹlẹ́tàn, tí ìyẹ̀fun mi ò sí nínú rẹ̀, sáàárín wọn, mi ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí èsì bá dé tí wọ́n ní ìyẹ̀fun mi wà nínú ẹlẹ́tàn náà, mo mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìfura loògùn àgbà.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú wa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun kúnná la ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Lọ́jọ́ kan ni orúkọ nánò dé láti òkè òkun, ni gbogbo ènìyàn bá di oní-nánò. Ẹni tó ń ṣe ọ̀dà di oní-nánò, ẹni tó ń ṣe ọṣẹ di oní-nánò. Mo rí ìpara kan ní ọjà Dantokpa tí wọ́n kọ nánò sí lára, mo rà á, mo gbé e wọ làbó. Ẹ má bi mí ohun tí mo bá nínú rẹ̀. Àpótí dúdú lọ, ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ á bi fóònù léèrè, fóònù á sì dá wọn lóhùn bí ẹni tó débẹ̀ rí. Mi ò ní kí wọ́n má lo fóònù. Mo kàn ní kí wọ́n bi í pé ta ló rí i.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ọwọ́ wa ò tó ni awò ńlá tó ń ya àwòrán ẹyọ ìyẹ̀fun. Òkè òkun ló wà. Bí a sì ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ nílẹ̀ yìí náà la ṣe ń fi ìyẹ̀fun ránṣẹ́: a ó wá ẹni tó ń rìnrìn-àjò, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá wa mú un dání. Pásítọ̀ ti bá mi gbé e rí. Ẹni tó ń lọ ra ọkọ̀ àlòkù náà ti bá mi gbé e. Kò sí èyí tó sọnù, títí ó fi kan Ráfíátù.

Ráfíátù dé ọ̀dọ̀ mi ní ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ mi. Ọmọ Ṣakété ni. Ìyàwó méjì ni Alájì bàbá rẹ̀ ní. Ìyá tó bí i ni ìyàwó kékeré, Ṣakété ló ń gbé, epo ló ń tà. Ìyálé, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Nùrá, ń ta abọ́ àti kẹ́tùlù ní Dantokpa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kútọnu ni Ráfíátù sì ti dàgbà láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́. "Màámi" ló ń pè é. Nùrá tí ìyálé bí nínú ara rẹ̀ wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ìyẹ̀fun sínkì fún àgbàdo ni iṣẹ́ dókítà Ráfíátù. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Mo fura sí i fún ọdún méjì gbáko, mi ò rí àléébù, inú sì ń bí mi pé mi ò rí. Ohun tó kù kó tó gba dókítà rẹ̀ kò ju àwòrán láti òkè òkun lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni Nùrá bímọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń wá ọmọ, Ìyá Nùrá sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lyon yẹn náà ni awò ńlá wà. Ráfíátù ní, "Madaamu, Ọlọ́run ló ṣe é."

Èmi fúnra mi ni mo bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú àwọn ìgò kéékèèké. Mo gún iyọ̀ obẹ̀ kúnná, mo bu ú sínú ọ̀kan, ìyẹn ni ẹlẹ́tàn. Mo fi tépù dè wọ́n, èmi àti Ráfíátù sì jọ gbé wọn lọ fún Ìyá Nùrá nílé. Ó fi aṣọ ọmọ wé wọn. Ó ṣàdúrà fún wa.

Èsì dé. Ó dé ọwọ́ mi, ó sì dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn tó ń ṣe dókítà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Hóró róbótó-róbótó ló yẹ kí a rí. Ohun tó wà nínú àwòrán náà pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Kò sí sínkì níbẹ̀ rárá. Àwọn ará Lyon kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú pé pọ́dà tí wọ́n ń pa lára ọmọ ni ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ má fi àkókò wa ṣòfò mọ́.

Mo ka èsì náà lẹ́ẹ̀kan, mo lọ wo ti ìgò ẹlẹ́tàn. Pọ́dà ni wọ́n bá nínú rẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìgò tí èmi fọwọ́ ara mi bu iyọ̀ sí, pọ́dà ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó dé Lyon. Ká ní Ráfíátù ló ṣe jìbìtì ni, ìyẹ̀fun tirẹ̀ nìkan ni ì bá jẹ́ pọ́dà, iyọ̀ mi á ṣì jẹ́ iyọ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pa ohun inú ìgò dà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ ìgbìmọ̀ lọ. Alága wọn ni Kòjó, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọmọ tí mo tọ́ láti orí ìgò fífọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Madaamu, ẹ ní iyọ̀ lẹ bu sí i. Ta ló rí i?"

Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ó ní bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, àwọn yóò lé Ráfíátù fún jìbìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí, ẹni tí wọ́n bá lé fún jìbìtì, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbà á mọ́. Orúkọ rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Gbogbo ìwé tí ọmọ náà kà láti kékeré ni wọ́n fẹ́ sọ di asán. Ráfíátù ò jẹun mọ́. Ó ń bi mí ṣáá pé, "Ta ló lè ṣe irú èyí sí mi, Madaamu?" Èmi ti ní ẹni tí mò ń fura sí, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Ta ló ń lọ wẹ ọmọ tí kò ní gbé pọ́dà dání?

Ìgbà tí Ìyá Nùrá dé, mo ra èso, mo lọ kí i kú ewu ọmọ.

"Ìyá Nùrá, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á dá a sí. Pọ́dà wo lẹ fi ń pa á lára níbẹ̀?"

"Èyí tí mo rà ní Dantokpa níbí ni o. Ti àwọn Yovó ilẹ̀ Faransé yẹn, mi ò gbà á gbọ́. Ara ọmọ lè máa yún un."

"Ṣé ó tó yín?"

"Ó tètè tán."

"Ó máa tètè tán, nítorí èyí tó bọ́ sínú àwọn ìgò mi ò kéré."

Ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, obìnrin tó dàgbà jù mí lọ.

"Madaamu, mi ò kórìíra ọmọ náà. Èmi ni mo tọ́ ọ, ọmú nìkan ni mi ò fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọmọ-ọmọ mi lé itan, tí mo wo ojú ẹ̀, ni mo bá rántí pé ìyẹ̀fun kan wà nínú báàgì mi tí mi ò mọ ìdí ẹ̀, ọwọ́ ọmọ orogún mi ló sì ti wá. Mo ní, bí ìyá ẹ̀ bá lọ́wọ́ sí i ńkọ́? Ọjọ́ tí Nùrá ń wá ọmọ, ṣé ẹ mọ ohun tí ojú wa rí? Mo bá dà á sí ilé ìwẹ̀, mo fi omi lé e."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi rọ pọ́dà sí i?"

"Wọ́n ń retí ìgò. Ráfíátù á bi mí pé ṣé mo jíṣẹ́. Kí n ní mo dà á nù? Á ní nítorí kí ni. Mo rò pé pọ́dà ni pọ́dà, pé wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ó kúnná."

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyá Nùrá fi tìyálé jẹ́ ẹ.

Mo sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún un, pé wọ́n fẹ́ lé Ráfíátù. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun á wá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kí n dákun, kí ọmọ náà má gbọ́ ohun tó wà nínú òun. Mo ní kó sọ pé ẹ̀rù àwọn dùwáníẹ̀ ló bà á, àwọn aṣọ́bodè pápákọ̀ òfuurufú, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n ń fi ìyẹ̀fun funfun mú ènìyàn. Òótọ́ tó ṣeé gbọ́ ni. Ó ní ó dáa.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Ráfíátù ló mú Màámi rẹ̀ wọ iyàrá ìgbìmọ̀. Ó bá a gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ dání, ó nu àga fún un kó tó jókòó. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé ẹ̀rù dùwáníẹ̀ ló ba Màámi, ó sì ti dárí jì í kó tó débẹ̀. Ó tiẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ kì í bẹ̀rù lánlọ́ọ̀dù!"

Fon ni Kòjó fi bá Ìyá Nùrá sọ̀rọ̀, èdè tí ìyá náà ń fi nájà lójoojúmọ́. Ìyá Nùrá ṣàlàyé bí mo ṣe wí. Àwọn tó kù ti ń mi orí. Mo rí i pé Kòjó ò mi tirẹ̀.

"Ìyá, ibo lẹ ti da ìyẹ̀fun náà nù?"

"Nílé ọmọ mi, ní Lyon."

"Ẹ ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn dùwáníẹ̀ nígbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ti kọjá lọ́dọ̀ wọn, ẹ ti délé. Ẹ̀rù ta ló wá bà yín?"

Ìyá Nùrá wò mí. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní èmi ni mo háyà rẹ̀ kó wá purọ́, wọ́n á sì lé Ráfíátù. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú kúrò lára ọmọ náà.

"Ẹ̀rù òun ni," ló wí, ó sì nawọ́ sí Ráfíátù. "Ọmọ orogún mi ni. Mo ní kó má fi pa ọmọ-ọmọ mi."

Kòjó wolẹ̀. Ráfíátù ò sunkún, kò sì dìde. Ó rọra gbé àpamọ́wọ́ náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e lé itan Ìyá Nùrá.

Wọ́n dá Ráfíátù láre. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìyẹ̀fun mìíràn lọ, mi ò rán ẹnikẹ́ni. Hóró róbótó-róbótó ni a bá nínú àwòrán, bí ó ti wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pè é ní Dókítà. Ìyá tó bí i wá láti Ṣakété. Ìyá Nùrá fi oúnjẹ ránṣẹ́, kò wá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka nánò, ẹ lọ kà á. Ẹ wá ọ̀gá tí kò ní gbà yín gbọ́, ẹ má sì bínú sí i. Èmi ò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè tọrọ bí mo bá tún ayé wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mi ò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ tó di Dókítà, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé. Mo ní, "Ráfíátù, bá mi yọ̀ nísinsìnyí. Ó ti parí."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Madaamu. Ẹ gbà mí là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni, yàtọ̀ sí kí Màámi wá?"

Mo ní, "Ó wà. À bá tún ìyẹ̀fun ṣe, à bá tún fi í ránṣẹ́, ká máa bẹ ìgbìmọ̀ títí wọn yóò fi gbà wò ó. Ó lè gba ọdún kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún yẹn, oníjìbìtì ni wọ́n á máa pè ọ́."

Ó wo ìta, níbi tí àwọn oní-zẹ́mìjàn ti ń fọn fèrè alùpùpù wọn fún wa.

"Ǹ bá dúró," ló wí.

A dé oríta Godomey. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ dágbére fún mi, ó sì wọ àárín èrò lọ.